Ayuuto: èsúsú àwọn ará Sòmálíà àti orúkọ tó ń ṣe onídùúró

Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn ì báà jẹ́ ní Peckham, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ohun tí àwọn obìnrin Sòmálíà ń pè ní ayuuto. Àwọn mìíràn ń pè é ní hagbad. Èdè Ítálì ni wọ́n ti yá ayuuto, ó túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́, nítorí Ítálì ló jọba lé gúúsù Sòmálíà lórí nígbà kan. Èèyàn mélòó kan á kó ara wọn jọ, oníkálukú á máa dá iye kan náà lóṣooṣù, ẹnì kan á sì máa kó o. Kò sí èlé, olórí àjọ kì í sì í yọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ti alájọ tó ń kiri ojoojúmọ́, tó sì ń mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lópin oṣù.

Ìdí tó fi gbilẹ̀ lókè òkun kò fara sin. Mùsùlùmí ni wọ́n, púpọ̀ wọn ló sì ń sá fún ribà tọkàntọkàn. Owó báńkì tó lélé lórí, háráámù ni. Ṣùgbọ́n owó àsanlẹ̀ ilé, owó ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ fi ṣe takisí, owó Hájì, tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ìyá ẹni tó ṣì wà ní àgọ́ Dadaab ní Kẹ́ńyà, kò sí èyí tó ń dúró deni. Yàtọ̀ síyẹn, nígbà tí ìjọba Siad Barre wó ní oṣù kìíní ọdún 1991, báńkì bá a wó. Ọ̀pọ̀ ló dàgbà láìwọ báńkì rí. Bí wọ́n ṣe dé Minneapolis, London tàbí Toronto, báńkì ò mọ̀ wọ́n, àwọn náà ò mọ báńkì. Àjọ ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní obìnrin 12 ni, ní Cedar-Riverside ní Minneapolis, nínú àwọn ilé gogoro Riverside Plaza tí gbogbo ìlú ń wò lókèèrè. Dọ́là 400 lẹ́nì kan lóṣù, 4,800 nìyẹn fún ẹni tó kàn. Ẹni tó kó lóṣù kìíní, 400 péré ló tíì dá. 4,400 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ fún oṣù 11. Ẹni tó kó kẹ́yìn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun ló ti ń yá àwọn yòókù lówó láti ọdún tó kọjá. Ẹni tí 400 bá wúwo fún lè wá ẹnìkejì kí wọ́n jọ mú ọwọ́ kan, 200 sí 200. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a lè mú ọwọ́ méjì.

Ibi tí ọgbọ́n olórí àjọ wà ni títo orúkọ. Wọ́n lè ṣẹ́ gègé, wọ́n sì lè wo ẹni tí nǹkan ń jó lábẹ́. Ṣùgbọ́n olórí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi àlejò sí iwájú. Àwọn tó ti bá a parí àjọ méjì mẹ́ta ló ń kó ní oṣù kìíní sí ìkẹrin. Ẹni tuntun á kó láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ipò pẹ̀lú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ fún olórí kó yí i nínú ìwé. Pàṣípààrọ̀ abẹ́lẹ̀ láàárín ẹni méjì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí ní ọjọ́ owó, ẹni méjì ló máa wá gbowó kan. Ọjọ́ 1 ni kí owó wọlé, ọjọ́ 5 ni kó jáde. Ọjọ́ mẹ́rin àárín yẹn wà fún àwọn tí owó iṣẹ́ wọn máa ń pẹ́.

Tí ẹnì kan bá kó tán tó dáwọ́ dúró ńkọ́? Olórí àjọ ló máa fi owó tirẹ̀ dí i, lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ bá ẹni tó mú onígbèsè náà wá. Lójú tèmi, ewu yìí kéré sí èkejì: olórí tí kì í ya owó àjọ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Títí di oṣù kẹfà, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé.

Àwọn ewu kan tún wà tí ìlú òyìnbó fi kún un. Ní Amẹ́ríkà, báńkì gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn sí ìjọba bí èèyàn bá kó owó ọwọ́ tó ju dọ́là 10,000 wá lọ́jọ́ kan. Ìròyìn lásán ni, kò ní kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ìròyìn yìí ló ń mú kí àwọn kan pín 15,000 sí ọ̀nà méjì, 8,000 lónìí, 7,000 lọ́la, kí báńkì má baà kọ ọ́. Pípín yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Kí wọ́n kó o lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì mú ìwé àjọ dání. Ní Britain ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: tí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti ju £6,000 lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, tó bá ju £16,000, ó parí.  Ohun mìíràn tó sì ń dun ọ̀pọ̀ wọn ni pé èèyàn lè dá àjọ fún ogún ọdún láìpa ọjọ́ kan jẹ, síbẹ̀ báńkì kò ní í rí i nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń san gbèsè.

Kí ló wá ń mú kí àwọn èèyàn máa san án? Orúkọ ni. Ọmọ Sòmálíà kò ní orúkọ ìdílé bíi ti òyìnbó: orúkọ tirẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀. Obìnrin kì í sì í gba orúkọ ọkọ. Cabdi Maxamed Cali lè fẹ́ Xaliimo Cismaan Warsame, kí wọ́n bí Faadumo Cabdi Maxamed. Inú ilé kan, orúkọ ìkẹyìn mẹ́ta; akọ̀wé ilé ìwé á máa bi bàbá bóyá òun ló lọmọ lóòótọ́. (Lẹ́tà x àti c yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti ń fi ABD kọ èdè wọn ni x ti dúró fún h tó ń ti ọ̀fun wá, c sì dúró fún ayn àwọn Lárúbáwá. Maxamed ni Mọ̀mọ́dù wa, Cali sì ni Álí.)

Orúkọ mẹ́ta kọ́ ló parí ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́ ọmọ láti ka orúkọ bàbá dé orúkọ bàbá lọ sókè, abtirsiinyo ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe oríkì, kò sí ìwúrí nínú rẹ̀, orúkọ ṣáá ni. Tí àjèjì méjì bá pàdé, wọ́n á kà á títí wọ́n á fi bá ara wọn pàdé lórí orúkọ kan, ẹni tó bá ń wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ á sì ti mọ àgbà tí yóò fẹjọ́ sùn. Àjọ tó kó ìdílé oríṣiríṣi pọ̀ wà dáadáa, láàárín aládùúgbò tàbí ará mọ́sáláàsì kan náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹni tó mú ẹni tuntun wá ló dúró fún un.

Xawilaad, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fowó ránṣẹ́ sílé, ń rìn lórí orúkọ bákan náà. Biil ni wọ́n ń pe owó oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá lóṣooṣù. Tó bá jẹ́ dọ́là 200, iye tí wọ́n sábà ń gbà lórí rẹ̀ kì í jìnnà sí 5 nínú 100, èèyàn á san bíi 210. Akọ̀wé á wo ìwé ìdánimọ̀ ẹni, á gba orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ẹni tó ń gbà á, nọ́ńbà fóònù àti ìlú. Owó kankan kò tíì kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ sí Hargeysa ní Somaliland, ẹ̀ka ibẹ̀ á sì san nínú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n máa ṣírò ara wọn, Dubai ni wọ́n sábà ń gbà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń fi owó náà ra ọjà wá sílé. Lóde òní, orí fóònù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ́ sí: Zaad ní Somaliland láti ọdún 2009, EVC Plus ní gúúsù, dọ́là ló sì pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ohun tó ń dá owó dúró jù ni ìjọra orúkọ. Maxamed pọ̀ débi pé orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: Dheere fún ẹni gíga, ààrẹ Sòmálíà tó jẹ láti 2017 sí 2022 pàápàá, Farmaajo ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, wàràkàṣì ní èdè Ítálì. Kọ̀ǹpútà tó ń wá orúkọ àwọn afẹ̀míṣòfò kò mọ ìnagijẹ. Yóò dá Mohamed Ali dúró, yóò béèrè ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ìbí wo? Ọ̀pọ̀ tó gba àgọ́ wọlé kò ní ìwé ìbí, ọjọ́ 1 oṣù kìíní ni wọ́n kọ fún wọn. Orúkọ jọra, ọjọ́ ìbí tún jọra. Ọ̀nà àbáyọ tó wà ni kí èèyàn kọ orúkọ ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí símù tó ń gbowó, kó má yí Maxamed padà sí Mohamed láàárín oṣù kan sí èkejì.

Ìjọba àti báńkì náà ti fojú àwọn tó ń ṣe xawilaad rí màbo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà ti àwọn ọ́fíìsì Al-Barakaat, ilé iṣẹ́ xawilaad ńlá kan, pa. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù 9/11 padà sọ pé àwọn ò rí ẹ̀rí pé owó ìkọlù náà gba ibẹ̀ kọjá. Lópin 2011, báńkì kan ní Minnesota jáwọ́ nínú bíbá àwọn tó ń ṣe xawilaad ṣe; ní 2013 òmíràn ní Britain; ní 2015 òmíràn ní California. Àwọn aṣojú bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó sínú àpótí wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ Dubai, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ẹni tó bá fi owó ọwọ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ń san owó orí 1 nínú 100 lé e. Ẹni tó fi káàdì báńkì ibẹ̀ san kò ní í san án.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kì í lè ka abtirsiinyo wọn jìnnà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá irú wọn dá àjọ, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn 5, dọ́là 100, oṣù 5. Ẹni tó bá pẹ́ san nínú èyí, òun ni kó kó kẹ́yìn nínú èyí tó kàn.