Bí ẹ bá ń kọ́ ìtàn ayé ìgbà tí kò tíì sí ìwé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti kọ́ ìmọ̀ ìtàn n'Ìbàdàn, mo mọ kọ́ọ̀sì tó ń dẹ́rù bà yín jù. Ti ayé àtijọ́ ni: ènìyàn ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, òkúta gbígbẹ́, Súmérì, Íjíbítì, títí dé Ṣáínà. Wọ́n á ti ta nóòtì tí wọ́n ṣe fótókọ́pì rẹ̀ fún yín l'Ágbọ̀wọ́, ọdún ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ sì ti ń há a sórí. Ẹ máa há a, mi ò ní kí ẹ má há a. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí kọ́ọ̀sì yẹn yé èmi ni ìbéèrè kan tí olùkọ́ wa kan kì í yéé bi wá. O sọ̀rọ̀ tán, á fọwọ́ lérán, á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Tó o bá ní inú ìwé lo ti kà á, á tún ní, "Ẹni tó kọ ìwé ńkọ́, báwo lòun náà ṣe mọ̀?" Ó máa ń bí wa nínú. Ìbéèrè yẹn náà ni mo wá ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọdún tí mo bá rí nínú nóòtì.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó súnmọ́ wa bẹ̀rẹ̀. Ihò àpáta kan wà lẹ́bàá Ìsárun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ihò Eléérú; Iwo Eleru ni ìwé òyìnbó sábà máa ń kọ. Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì hú eegun ènìyàn. Eegun náà lé ní 11,000 ọdún. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé agbárí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọdún rẹ̀? Èédú ni. Wọ́n mú èédú tó wà ní ìpele ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú eegun yẹn lọ yẹ̀ wò. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan sára, kábọ́ọ̀nù 14. Ọjọ́ tó bá kú ni kò gba òmíràn mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù: ìdajì á lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì ìyókù á tún lọ láàárín 5,730 mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọn èyí tó ṣẹ́kù á mọ ìgbà tó kú. Willard Libby ará Amẹ́ríkà ló gbé ọgbọ́n yìí jáde, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1960.

Mo dúró pẹ́ lórí èédú nítorí pé ohun tó bá ń dín kù, á kù díẹ̀ títí tí kò fi ní ṣeé wọ̀n mọ́. Kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, ọgbọ́n yẹn kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé èédú ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí Lucy, eegun ẹ̀dá tó jọ ènìyàn tí wọ́n rí ní Ethiopia ní 1974, máàkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lucy ti tó 3.2 mílíọ̀nù ọdún. Eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò.

Iye ọdún ńlá báyìí kì í wọ orí lásán. Èmi àtàwọn tá a jọ ń gbé l'Ágbọ̀wọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ẹ̀yìnkùlé jáde sí ojú ọ̀nà. A ní mítà kan dúró fún 100,000 ọdún. Òkúta gbígbẹ́ tó pẹ́ jù tí a mọ̀, ti Lomekwi ní Kẹ́ńyà, 3.3 mílíọ̀nù ọdún, bọ́ sí mítà 33 sẹ́yìn. Eegun Jebel Irhoud ní Mòrókò, àwọn èèyàn bíi tiwa tó ti wà ní nǹkan bí 300,000 ọdún sẹ́yìn, bọ́ sí mítà mẹ́ta. Ihò Eléérú, sẹ̀ǹtímítà 11. Ìwé kíkọ, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré. Ìlú Ìbàdàn tí àwọn ológun tẹ̀ dó ní 1829 kò ju mìlímítà méjì lọ. Ojú ṣọ́ọ̀kì wa gan-an nípọn jù ú. Bàbá onílé bá wa jà nítorí ilẹ̀ tá a kùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ń da mílíọ̀nù pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún láàárín wa.

Ẹ óò ṣàkíyèsí pé ìwé ń sọ̀rọ̀ ọ̀gbìn àlìkámà ní Mesopotámíà, ilẹ̀ Ìráàkì òde òní, lọ rẹrẹ, tó bá di tiwa, ìpínrọ̀ kan, ó parí. Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa káwọ́ gbera. Àlìkámà ní hóró. Bí iná bá ta bà á, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Iṣu ńkọ́? Èbù là ń gbìn. A jẹ iṣu, a da èèpo fún ewúrẹ́, kò ku nǹkan kan. Ilẹ̀ igbó wa sì ń jẹ eegun, òjò ń mú igi jẹrà, ikán ń jẹ ìyókù. Òkúta àti àpáàdì ló sábà ń kù fún awalẹ̀pìtàn. Àfìgbà tó di 2019 tí àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá iṣu fúnra rẹ̀ wò, tí wọ́n sì fi hàn pé agbègbè odò Ọya ni wọ́n ti sọ iṣu igbó di iṣu oko. Inú iṣu ni ẹ̀rí wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú iṣu ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, kó pa mọ́ níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí ọ̀pọ̀ wa sì ń gba ẹnu géètì wọn kọjá láìbìkítà.

Ọkọ̀ ojú omi Dufuna yàtọ̀. Darandaran kan ló ń gbẹ́ kànga ní ìpínlẹ̀ Yobe ní 1987 tó kàn án. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Amọ̀ tí omi rin gbingbin ló bò ó, afẹ́fẹ́ kò ráàyè wọlé, ìyẹn ni kò jẹ́ kó jẹrà. Tẹ́ ẹ bá ti béèrè báwo la ṣe mọ̀, ẹ tún béèrè kí ló jẹ́ kó ṣẹ́kù.

Ilé á bi yín léèrè o. Ìyá mi ṣí ìwé mi wò lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé inú ọ̀bọ ni wọ́n ní a ti jáde báyìí?" Mo ní, "Rárá, Mọ́mì, wọ́n ní àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni." Ìyá mi ní kò yàtọ̀. A fi í síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rí ni ìdánwò ń béèrè.

Ní ti ọ̀làjú àkọ́kọ́, Súmérì ni mo fẹ́ràn jù. Ní Uruk, ìlú Súmérì kan ní Mesopotámíà, nǹkan bí 3200 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àmì sára amọ̀, kì í sì í ṣe oríkì ọba ló pọ̀ níbẹ̀. Ìṣirò ni: ọkà báálì, ọtí, àgùntàn, ta ló gba mélòó. Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà, tó ní ìwé àwìn lábẹ́ tábìlì, kò ní ṣàìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Íjíbítì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, àfi kí n bẹ̀ yín pé kí ẹ má fo Kúṣì tó wà níwájú rẹ̀ lápá gúúsù, ní Sudan òde òní: Kerma tó wà níbẹ̀ ti di ìlú ńlá kí ó tó kan Taharqa, ọmọ Kúṣì tó jọba lé Íjíbítì lórí. Ní àfonífojì odò Indus, ní Pakistan òde òní, ìlú Mohenjo-daro àti Harappa ní ilé bíríkì àti gọ́tà tó létò láti nǹkan bí 2600 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹni tó bá mọ omíyalé Ògùnpa ti 1980 á kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó lè ka àmì tí wọ́n kọ, a ò sì mọ orúkọ ọba kankan níbẹ̀. Ẹ má fi ọba jẹ fún wọn.

Wọ́n á fún yín ní àmì mẹ́wàá tí Gordon Childe, awalẹ̀pìtàn kan, kọ ní 1950 pé a fi ń dá ìlú ọlọ́làjú mọ̀. Ìwé kíkọ wà nínú wọn. Tá a bá fi wọ́n wọn Ilé-Ifẹ̀, kò ní pé, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú, wọ́n ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí, wọ́n sì rọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Èmi rò pé òṣùwọ̀n yẹn ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ sì lè bá a jiyàn nínú ìdánwò, bẹ́ ẹ bá ti lẹ́rìí. Ẹ má kàn jẹ́ kí ìfẹ́ ilé sún yín gbé Ifẹ̀ lọ bá Súmérì. Nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Kristi ni àwọn orí idẹ yẹn, ìgbà wọn kò pàdé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ àpáàdì náà. Ẹ bi ìyẹn náà ní báwo la ṣe mọ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí.

Bẹ́ ẹ bá ráàyè, ẹ lọ sí míúsíọ̀mù tó wà l'Álálùbọ́sà kí ẹ fojú rí nǹkan. Bẹ́ ẹ bá sì ń kọ ọdún, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e dáadáa. "Ọdún sẹ́yìn" yàtọ̀ sí "ṣáájú ìbí Kristi", 1950 sì ni àwọn tó ń yẹ èédú wò ń kà sí òní. Ọkọ̀ Dufuna jẹ́ 8,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní 8,000 ṣáájú ìbí Kristi ti fi nǹkan bí 2,000 ọdún lé e, tọwọ́tọwọ́ sì ni olùmáàkì á fi fa ìlà pupa sí i.