Ìbẹ́pẹ tẹ́ ẹ fi ń tọrẹ fẹ́yẹ

Ẹ káàárọ̀ o. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo gbọ́ gbì lẹ́yìn ilé, mo ti mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ló tún já. Kí n tó wọ sálúbàtà débẹ̀ èèrà ti bò ó, ẹyẹ ti ṣá ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ jẹ látorí igi, ó là sí méjì, inú ẹ̀ pọ́n ròrò, kóró ẹ̀ dúdú ń dán nínú iyanrìn bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Ó dùn mí gan-an ni. Torí ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa rán mi pé kí n bá àwọn ra fítámì C alágolo ní kẹ́mísìtì, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, igi ìbẹ́pẹ méjì ló sì wà nínú ọgbà wọn tó ń so wọ̀ǹtìwọnti. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ìbẹ́pẹ yín ńkọ́? Wọ́n ní ìbẹ́pẹ kẹ̀, ṣé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan?

Ó jẹ́ nǹkan o. Tẹ́ ẹ bá gé èyí tó pọ́n sínú àwo, tẹ́ ẹ bó èèpo tẹ́ ẹ kó kóró kúrò, tí ìyókù wọn gíráàmù 100, fítámì C inú ẹ̀ á tó mílígíráàmù 60. Obìnrin tó ti dàgbà nílò bíi 75 lóòjọ́, ọkùnrin nílò 90, ẹ ò rí i pé tẹ́ ẹ bá jẹ tó gíráàmù 150 ti ọjọ́ yẹn ti pé. Ọsàn gan-an tí gbogbo ayé ń pariwo, gíráàmù 100 ẹ̀ ò ju bíi 53 lọ. Fítámì C yìí ló tún máa ń bá ara gba èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, èyí tí ẹ̀jẹ̀ nílò, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń gé ìbẹ́pẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá se ẹ̀wà. Ẹ má sè é o, iná máa ń ba fítámì C jẹ́.

Ohun tó mú kí inú ẹ̀ pọ́n yẹn, mọ̀lẹ́bí èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa ni. Ara máa ń sọ lára ẹ̀ di fítámì A tí ojú ń lò. Epo pupa jù ú lọ dáadáa níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí ń fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ kí ara tó lè gbà á, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ tó ní epo, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bíi tèmi, ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan, ìbẹ́pẹ àwo kan. Ó dùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ!

Màmá mi, ìgbẹ́ máa ń há mọ́ wọn, ìbẹ́pẹ àràárọ̀ ló bá wa tán an. Àwọn kan á ní oje ẹ̀ ló ń mú kí oúnjẹ dà nínú. Oje yẹn wà lóòótọ́, papain lorúkọ ẹ̀, àmọ́ inú èyí tí ò tíì pọ́n ló pọ̀ sí. Èyí tó pọ́n, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, bíi 88 nínú 100, pẹ̀lú fáíbà, ìyẹn ìhánrín inú èso tí ikùn kì í lè dà, àwọn yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí agbára oje yẹn, kó lọ wo bí ìyá àgbà wa ṣe ń se àgbébọ̀ adìyẹ nígbà tá a wà ní kékeré. Wọ́n á já ìbẹ́pẹ tútù kan, oje funfun á máa kán tó, tó, tó, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ra ẹran náà lára, wọ́n á dé e pa fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná, torí tómi bá ti ń hó, agbára oje náà ti tán. Adìyẹ tí eyín ò bá ká tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta á fà á ya. Èmi ni mo máa ń di ìbẹ́pẹ náà mú fún wọn, oje ẹ̀ sì bó mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, awọ ìka mi ṣí, mi ò lè fi jẹ ọbẹ̀ aláta fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Torí oje yìí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin aláboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n sílẹ̀ pátápátá, ó lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì. Èyí tó pọ́n dáadáa ò ní wàhálà. Ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń mú ara ẹ̀ yún náà kó ṣọ́ra. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà inú ẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 8 nínú 100 lọ, ẹ jẹ ẹ́ ní gígé, ẹ má lọ̀ ọ́ di jùùsì.

Kóró ẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2007 àwọn dókítà wa kan ní Nàìjíríà gbé ìwádìí kan jáde, ọgọ́ta ọmọ tí kòkòrò wà nínú ìfun wọn, wọ́n fún ọgbọ̀n ní kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ oyin, wọ́n fún ọgbọ̀n yòókù ní oyin nìkan. Kòkòrò tán nínú ìgbẹ́ ọmọ 23 nínú àwọn àkọ́kọ́, ọmọ 5 péré nínú àwọn yòókù. Orí mi wú nígbà tí mo kà á. Ọmọ ọgọ́ta ò tíì pọ̀ ṣá o, ẹ má tìtorí ẹ̀ da oògùn aràn ọmọ yín nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé ẹ̀ tí wọ́n ń kó sínú àgbo ibà, tí ibà bá gbé ọmọ dè, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹyẹ, ẹ má dúró kó pọ́n tán lórí igi. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó fi ilà pupa rúsúrúsú sí ìdí, ẹ ká a, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ má gbé e sí fíríìjì àfi tó bá rọ̀ tán. Ẹ má gun igi ẹ̀ o, inú ẹ̀ ò le, ó máa ń ṣẹ́. Ọ̀pá gígùn ni, kẹ́nì kan dúró nísàlẹ̀ kó tẹ́ àpò dúró.