Àpótí ẹja tí a fẹ́ gbé sí pálọ̀

Ká ra àpótí ẹja tó ti pé pátá ni, àbí ká ṣe é fúnra wa? Ohun tí èmi àti ìyàwó mi ń fà láàárọ̀ yìí ní Wuse nìyẹn, níwájú àpótí kan tí iná, páǹpù àti asẹ́ ti wà lára ìdérí rẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ kéré jù fún mi, inú asẹ́ sì ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni àwọn bakitéríà tó ń sọ amonia, ìyẹn oró ara ìgbẹ́ ẹja, di nitrite ń gbé, kí wọ́n tó sọ ọ́ di nitrate tí oró rẹ̀ kéré. Tí iná bá lọ pẹ́, tí omi ò ṣàn kọjá lára wọn mọ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ sì mọ iná Kubwa.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Àyọ̀, tí dígí tí ẹ fẹ́ lẹ̀ bá já ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Omi lítà 200, kílò 200 ni, ká má tíì ka dígí àti òkúta. Gọ́ọ̀mù silicone tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó bu sí náà lè pa ẹja.

A gbà pé ká ra dígí tí wọ́n ti lẹ̀, kí n ṣe asẹ́ ńlá fúnra mi, ká sì ra páǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì. Ẹja ṣì máa dúró ná, torí bakitéríà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ wẹ́dà tó mọṣẹ́ dáadáa ní Kubwa? Tábìlì onírin tí a máa gbé àpótí náà lé ló kù.