Ọjọ́rú: Àwa Tí A Bá Wọn Ní Ìpele Kejì

Ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Direct Entry (DE) ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣirò wa wáyé ní ìrọ̀lẹ́ òní nínú yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Àwa tí a wà ní ìpele kẹta àti ìkẹrin, tí àwa náà gba ọ̀nà DE wọlé, ni a ń tọ́ àwọn tuntun sọ́nà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sì ní ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń mójú tó. Iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún ju bí mo ti lè sọ ọ́ lójú ìpàdé lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ DE ni ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti ìpele kìíní. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó sì gba NCE. Tàbí ó lọ sí pọlitẹ́kíníìkì, ó gba ND. Tàbí ó ṣe ètò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, bíi JUPEB, tí àwọn yunifásítì kan para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2014, tàbí IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó. JAMB ló ń gba orúkọ wọn sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń wọlé dípò ìdánwò UTME, ìpele kejì ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn, títí kan àwọn tí ogun lé kúrò ní Ukraine ní 2022 àti ní Sudan ní 2023, tí wọ́n padà sílé láì tíì parí ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà wọlé yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń bá àwọn tí wọ́n ti fi odidi ọdún kan mọ ara wọn, tí wọ́n mọ ilé, tí wọ́n mọ ìwà olùkọ́ kọ̀ọ̀kan àti irú ìbéèrè tí ó máa ń gbé wá, a sì ń retí pé kí àwọn tuntun yìí bá wọn rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti dé.

Ètò ìkíni-káàbọ̀ tí àwọn yunifásítì ń ṣe, orí àwọn ọmọ ìpele kìíní ni wọ́n sábà máa ń gbé e kà. Wọ́n ń mú wọn yí ọgbà ká, wọ́n ń fi ilé ìkàwé àti ilé ìwòsàn hàn wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn sì ń ṣètò ẹ̀kọ́ àfikún fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí orúkọ àwọn DE bá fi máa jáde, gbogbo ìyẹn ti parí, ìpele kejì sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ orí wọn àti ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ló ń jẹ́ kí a rò pé wọn kò nílò ẹni tí yóò mú wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Ní sẹ̀mẹ́sítà tí èmi kọ́kọ́ dé, orí WhatsApp kíláàsì ni wọ́n ti kéde ìdánwò kan tí máàkì rẹ̀ wọnú èyí tí a ń kó jọ ṣáájú ìdánwò ìparí. Èmi kò sí lórí WhatsApp náà, nítorí pé láti ìpele kìíní ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìgbà tí mo máa gbọ́, wọ́n ti ṣe é tán, olùkọ́ sì ti kọ máàkì sílẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá fi sí abẹ́ mi ni pé kí n mú un lọ bá aṣojú kíláàsì lójúkojú, kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ kún ti àwọn yòókù níṣojú mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé, kílíráǹsì àti owó ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ó wà fún àwọn ọmọ ìpele kìíní nìkan.

Ìdí tí mo fi ń kánjú bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo sẹ̀mẹ́sítà tí ènìyàn fi ń jáde. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó lónìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ní sẹ̀mẹ́sítà 8 láti fi kó CGPA rẹ̀ jọ. DE ní 6 péré. Ká ní iye yúníìtì kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì sì gba 2.00 nínú 5.00 ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó lè parí pẹ̀lú 3.50, níbi tí second class upper ti bẹ̀rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa gba nǹkan bíi 3.71 nínú sẹ̀mẹ́sítà 7 tí ó kù, DE sì gbọ́dọ̀ máa gba 3.80 nínú 5 tí ó kù fún un. Ìyẹn kò tíì le jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ first class ni wọ́n ń lé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, nǹkan bíi 4.86 ni ẹni àkọ́kọ́ nílò, ṣùgbọ́n 5.00 géérégé ni DE nílò, ìyẹn ni pé kí ó gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, láìsí B kan ṣoṣo, fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́ nígbà tí mo kọ èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé sẹ̀mẹ́sítà tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi ń wòye bí ibi tí ó dé ti rí.

Ní 1965, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Hills, kó àwọn ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ jọ lórí àwọn tí wọ́n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì bọ́ sí yunifásítì, ó sì rí i pé máàkì wọn sábà máa ń já wálẹ̀ ní kété tí wọ́n bá dé, kí ó tó tún máa gòkè bọ̀. Ohun tí à ń rí níbí náà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n gba NCE pẹ̀lú máàkì tí ó gbayì ń gba E nínú kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, tí ojú á máa tì wọ́n láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgòkè tí ó ń tẹ̀lé e ń gba àkókò, àkókò gan-an sì ni DE kò ní. Iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà, lójú tèmi, ni láti mú kí jíjáwálẹ̀ náà kéré tó bí ó bá ti lè kéré tó, kí ó sì ṣe é kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó dé.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo ń mójú tó, ni mo pẹ́ sí jù lónìí. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. NCE, tí í ṣe ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gba dígírì kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Wọ́n mú ìwé ìdánwò kékeré kan tí wọ́n ṣe nínú real analysis, ẹ̀ka ìṣirò tí ó dá lórí fífi ẹ̀rí hàn, wá fún mi, máàkì kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n sì gbà. Ìbéèrè náà ní kí wọ́n lo epsilon (ε) àti delta (δ), àmì tí a fi ń dúró fún ìwọ̀n kékeré méjì, láti fi ẹ̀rí hàn pé bí x bá ń súnmọ́ 2, 3x − 1 yóò máa súnmọ́ 5. Wọ́n fi 2 sí ipò x, wọ́n rí 5, wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

“Àbúrò mi, ṣé ìdáhùn náà kọ́ nìyí? Márùn-ún náà ṣáà ni.”

“Márùn-ún ni mà. Wọn ò bi yín pé èló ni. Wọ́n ní kí ẹ fi hàn pé kò lè jẹ́ òmíràn.”

Wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìfi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, èmi náà kì í fún un ní máàkì.” Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Mo kọ |(3x − 1) − 5| sílẹ̀, àwọn fúnra wọn sì sọ ọ́ di 3|x − 2|, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ kí èyí kéré sí epsilon, kí |x − 2| kéré sí ìdá mẹ́ta epsilon ni, wọ́n sì kọ δ = ε/3 gàdàgbà. A tún ṣe mẹ́ta mìíràn, èyí tí ó gbẹ̀yìn ni wọ́n dá ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti wá kò kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ohun tí NCE ń béèrè ni pé kí ènìyàn mọ ìṣirò dé ibi tí yóò fi lè kọ́ ọmọdé, yunifásítì sì ń béèrè ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó sọ ìyàtọ̀ yìí fún wọn kí wọ́n tó wọ yàrá ìdánwò. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè má rántí, àwọn tí wọ́n ti ìpele kìíní bọ̀ kò sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ kankan wà. Ẹni tí ó ti gba ọ̀nà NCE wá fúnra rẹ̀ ló lè rí i lójú ẹsẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nígbà gbogbo pé DE ni kí ó máa tọ́ DE sọ́nà.

Bí a ti ń tọ́ ẹni tí ó fi ọdún bíi mẹ́wàá juni lọ sọ́nà kò sí nínú ìlànà kankan tí wọ́n fún wa. Mi ò lè sọ fún Àǹtí pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe èyí, kí wọ́n má ṣe tọ̀hún. Ìbéèrè ni mo máa ń bi wọ́n: “Àǹtí, ṣé ẹ ti rí ọ̀gá tó ń bójú tó ìpele yín?” Wọ́n á sì ti mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn lọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ kíláàsì wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ń bá wọn gbé báàgì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kó ara wọn jọ láti kàwé lóru, kò sí ẹni tí í pè wọ́n. Wọ́n gbà pé ìyá ọlọ́mọ kò ní wá sí irú ibẹ̀, wọ́n kò sì bi wọ́n. Mo bá méjì nínú àwọn ọmọ náà sọ ọ́, wọ́n sì gbà láti máa kàwé ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ọkọ Àǹtí lè wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà yìí, èyí ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Àwọn méjì yòókù tí mo ń mójú tó kò fa wàhálà púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti JUPEB wá mọ ìṣirò dáadáa, “ẹ̀gbọ́n” ni ó ń pè mí, ohun tí ó sì ń bi mí kò kọjá ibi tí oúnjẹ ti dára. Èkejì, tí ó ti pọlitẹ́kíníìkì wá, ń ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo àwa olùtọ́sọ́nà ṣọ́ra fún, mo sì sọ ọ́ ní ìpàdé. Àwọn kan nínú wa ń sọ kọ́ọ̀sì ìpele kìíní tí àwọn tuntun gbọ́dọ̀ ṣe fún wọn láti orí. Bẹ́ẹ̀, NUC, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun, CCMAS, kalẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, nínú èyí tí ìdá 70 nínú 100 jẹ́ ti NUC, tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìdá 30 kún un. Abẹ́ ìlànà àtijọ́ ni àwa tí a wà ní ìpele ìkẹrin wọlé sí. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí èmi padà lọ ṣe lè má jẹ́ dandan fún ẹni tí ó wọlé lọ́dún yìí, èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún mi sì lè jẹ́ dandan fún un, kí ó má sì mọ̀ títí di ìgbà tí ó bá fẹ́ jáde. Nítorí náà, bí ó bá di ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì, mo máa ń tẹ̀lé ẹni náà dé iwájú ọ̀gá tí ó ń bójú tó ìpele rẹ̀, kí ọ̀gá wo ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí ó wúwo náà, a kì í dá wọn gbé. Mo sì lòdì pátápátá sí àwọn tí wọ́n ń bá ẹni tí wọ́n ń tọ́ sọ́nà kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, nítorí pé wọn kò ní bá a wọ yàrá ìdánwò.

A fi lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka parí ìpàdé. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fún wa ní orúkọ àwọn DE ní kété tí ó bá ti jáde, kí àwa lè máa pè wọ́n kí wọ́n tó dé ọgbà rárá. A tún bẹ̀ wọ́n pé nínú ìdá 75 nínú 100 tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì kí ó tó lè ṣe ìdánwò, kí wọ́n máa ka ti DE láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, kì í ṣe láti ọjọ́ tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi bírò pupa tún gbólóhùn kan ṣe, wọ́n ní kí orúkọ àwọn ṣáájú. “Ọ̀gá á fetí sí mi, àgbà ni mí. Ẹ̀yin ẹ wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ CGPA yẹn.” Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni a ó mú un lọ, kí ọ̀gá tó jáde lọ kọ́ kíláàsì wọn ti agogo mẹ́wàá.