Máàpù ogun Napoleon ní Rọ́ṣíà
Ní alẹ́ àná, mo tẹ́ máàpù tí Charles Joseph Minard, ẹnjiníà ará Faransé, yà lọ́dún 1869 sórí tábìlì, mo sì ń fi ìka tọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon, olú-ọba Faransé, gbà wọ Rọ́ṣíà lọ́dún 1812. Mìlímítà kan nínú ìbú ìlà tí ó fi ya ọ̀nà náà dúró fún 10,000 ènìyàn. Àwọn 422,000 ni ó fi hàn létí odò Niemen, níbi tí wọ́n ti wọ Rọ́ṣíà. Nígbà tí wọn yóò fi dé Moscow, ó ti tín-ín-rín di 100,000, bẹ́ẹ̀ òtútù líle kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìlà dúdú ni ti ìpadàbọ̀. Ní odò Berezina, níbi tí 50,000 ti di 28,000, ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí ọmọ abiyamọ ni gbogbo wọn. Àwọn 10,000 péré ni Minard kọ sí òpin rẹ̀.