Ọ̀fẹ́ la fi ń ṣe é, àmọ́ ta ló ń rí nǹkan níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tá à ń kọ̀wé nípa orin láìgbowó máa ń sọ, tí kì í dùn mọ́ mi nínú rárá: "Ṣebí ọ̀fẹ́ la fi ń ṣe é, kí ló tún kù tá a fẹ́ máa ṣàlàyé?" Ó kù púpọ̀ o.

Pé wọn ò sanwó oṣù fún èèyàn ò ní kó má rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wò ó, irú àwọn wo ló máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di òru, tí wọ́n á máa kọ ríbíù, ìyẹn èrò wọn nípa bí orin kan ṣe dára sí, tí wọ́n á máa ṣàtúnṣe ọjọ́ tí àwo orin jáde, tí wọn ò sì gba nǹkan kan? Àwọn tí orin ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Ìkan ń kọrin fúnra ẹ̀, ìkan ń ṣe máníjà fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìkan àbúrò ẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ìkan sì ń wáṣẹ́ sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, tá a bá ní ká lé gbogbo wọn lọ, kò ní ku ẹni tó mọ nǹkan kan nípa orin mọ́. Ohun tó burú ni kí n ka ríbíù tó gbé orin kan gẹ̀gẹ̀, kó wá tó oṣù mélòó kan kí n gbọ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ń gba ìpín nínú owó orin yẹn. Ẹnu tó ti jẹ dòdò ò lè sọ òdodo, báwọn àgbà ṣe máa ń sọ, àmọ́ èmi ò tiẹ̀ ní kí ẹnu yẹn dákẹ́, mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ti jẹ dòdò ná, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ bó ṣe máa gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ orin jàre. Láàárín 1959 sí 1960, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ payola, ìyẹn owó abẹ́lẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń fún àwọn DJ rédíò kí wọ́n lè máa lu orin wọn. Alan Freed, tó lókìkí gan-an nínú àwọn DJ yẹn, gbà pé òun jẹ̀bi ní 1962, wọ́n sì ní kó san 300 dọ́là. Èyí tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sára àwọn tó kọ orin kan tí Chuck Berry, akọrin rock and roll, gbé jáde ní 1955, bẹ́ẹ̀ Berry ló kọ orin ẹ̀, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ṣe ń lù ú tó lowó á ṣe máa wọ àpò DJ tó. Báwo lẹni tó jókòó ti rédíò nílé ẹ̀ ṣe fẹ́ mọ̀?

Ẹ tún wo òfin tí wọ́n wá ṣe ní 1960: kò sọ pé rédíò ò gbọdọ̀ gbowó, ó ní tí wọ́n bá ti gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ sétí àwọn tó ń gbọ́. Ibẹ̀ gan-an lèmi náà dúró sí. Kò dẹ̀ pa ìwà yẹn rẹ́ o, torí ní 2005 ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Sony BMG gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là ní New York lórí irú ẹ̀ kan náà, ìrìn-àjò ìsinmi wà lára ohun tí wọ́n fi ń fa ojú àwọn èèyàn rédíò mọ́ra.

Tó bá di ti àwa tá à ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, CD tí wọ́n fi ránṣẹ́ kó tó jáde ò dà mí láàmú, irinṣẹ́ nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ẹ kọ ọ́ sókè ríbíù. Òkè ni mo sọ o, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn tí ẹ ti yin èèyàn tán. Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ ni máníjà akọrin náà, gbé e fún ẹlòmíì kọ, má sì jẹ́ pé ìwọ náà lo máa tún un kà kó tó jáde.

Ẹni tó ni sáìtì tá à ń kọ̀wé sí ńkọ́? Òun la kì í fẹ́ bi, torí òun ló ń sanwó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì náà wà lórí ẹ̀. Láwọn ọdún 1990, àìmọye èèyàn tẹ orúkọ orin inú CD wọn sórí CDDB, àkójọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lè dá CD yẹn mọ̀. Nígbà tó yá ó di ilé iṣẹ́ tó ń pawó, orúkọ ẹ̀ yí padà sí Gracenote, Sony sì rà á ní 2008 ní mílíọ̀nù 260 dọ́là. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ ò bá wọn dé ìdí owó yẹn. Ìdí tí MusicBrainz, tóun náà jẹ́ irú àkójọ bẹ́ẹ̀, fi wà nìyẹn, tó wà lábẹ́ MetaBrainz Foundation láti 2004, àjọ tí kò wá èrè, tó ń gbé ìṣirò owó ẹ̀ síta, tẹ́nikẹ́ni sì lè kó ìsọfúnni nípa orin tó wà níbẹ̀ lọ lò.

Níbi tí èmi náà ti ń kọ̀wé, mo ti ní ká ṣe ojú ewé kan tá a máa kọ ọ́ sí: orúkọ ta ni sáìtì yẹn wà, èló ló wọlé, kí ni wọ́n fi ṣe, ta ló lè pa ríbíù rẹ́, ẹgbẹ́ olórin wo ni kálukú wa ń bá ṣe. Àwọn kan ní àṣírí ara àwọn nìyẹn, a ṣì ń bá a fà á. Tèmi ti wà níbẹ̀ ní tèmi: mo ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mi, n ò sì ní kọ ríbíù kankan nípa wọn.