Tíṣà, Ṣé Á Wọlé?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje 2025. Agbowó, Ìbàdàn.

Láti ìgbà tí èsì JAMB, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ti jáde, ìbéèrè kan náà làwọn òbí ń gbé wá bá mi: "Tíṣà, ṣé á wọlé?" Wọn kì í bèèrè ohun tí ọmọ ò tíì mọ̀. Wọn kì í bèèrè iye ọmọ tó ń bá a dù ú. Ṣé á wọlé ni ṣáá, àfi bíi pé mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ìyá kan ló mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láàárọ̀ yìí. Láti SS2 lọmọ náà ti ń wá kàwé lọ́dọ̀ mi, mo mọ ibi tó mọ̀, mo mọ ibi tí kò mọ̀. Ó gba 268 nínú JAMB. Mẹ́dísìn ló fẹ́ kà, University of Ibadan (UI) ló sì fi ṣe àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ti lọ tẹ èsì náà jáde, ó ti ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú mi.

"Tíṣà, ní gbogbo àdúgbò wa, kò sọ́mọ tó gba tó báyìí o."

Kò parọ́. Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ ka èsì ọdún yìí síta, kó tó di pé wọ́n ní kí àwọn kan lọ tún un ṣe, 1,955,069 ni gbogbo èsì náà. Àwọn tí kò tó 200 lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. 12,414 péré ló gba 300 sókè. Ẹni tó bá gba 268 láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká kí i kú iṣẹ́, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ṣe JAMB ló ń bá a du àyè. Àwọn tó kọ Mẹ́dísìn, tí wọ́n sì kọ UI, nìkan ni. Ẹni tó bá sì gba 300 sókè, irú ibẹ̀ ló sábà máa ń forí lé.

Ohun tó ń da àwọn òbí láàmú jù ni cut-off, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n lè gbà. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè lórúkọ kan ṣoṣo yìí. Lóṣù yìí ni JAMB àtàwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fẹnu kò sí 150 fún yunifásítì. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó má wulẹ̀ ronú yunifásítì. UI ní tiwọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tó 200 bá wọn ṣe Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo èèyàn ń bèèrè kiri lórí WhatsApp, kò tíì sí nílé ayé. Wọ́n á ṣe ìdánwò tán, wọ́n á to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gbà jù wá sílẹ̀, wọ́n á wo iye àyè tó wà. Máàkì ẹni tó bá bọ́ sí àyè ìgbẹ̀yìn, òun ni cut-off. Kò sẹ́ni tó jókòó sí ọ́fíìsì kan tó fi í lélẹ̀ ṣáájú. Bí mo bá sọ ti èṣí fún yín, ẹ kàn fi mọ ibi tí nǹkan ń lọ ni, ẹ má fi búra.

Mo fa bébà kan yọ, mo ní kí ọmọ náà sún mọ́ mi. UI máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Wọ́n ń pè é ní aggregate. Bí a bá fi 8 pín 268, ó di 33.5. Ẹni tó gba 310 ní 38.75. Ìyá náà wo ìṣirò náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣebí màrún-ún àti díẹ̀ náà ló fi jù ú lọ." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ká tó lé màrún-ún àti díẹ̀ yẹn bá nínú Post-UTME, ọmọ yìí ní láti fi máàkì 11 ju onítọ̀hún lọ, nínú ìdánwò tí onítọ̀hún náà ń múra sílẹ̀ fún.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò náà ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í wò ó. Máàkì kan nínú Post-UTME tó máàkì 4 nínú JAMB. JAMB ti kọjá lọ, ẹnikẹ́ni ò lè fi nǹkan kún un mọ́. Èyí tó ṣì wà níwájú ló wúwo jù.

Àyè wá ńkọ́? Ìgbìmọ̀ MDCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ́ ní iṣẹ́ dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì kọjá iye náà fẹ́ wàhálà. Bí UI ti lórúkọ tó, láti 1948 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn ò lè torí pé ọmọ pọ̀ kí wọ́n ṣí kíláàsì kún kíláàsì. Ìwọ̀nba àyè yẹn náà tún pín sí mẹ́ta nílànà ìjọba àpapọ̀: 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ẹni tó bá ṣáà mọ̀wé jù láti ibikíbi, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, tí wọ́n ń pè ní catchment, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọmọbìnrin yìí, Ọ̀ṣun sì wà lára catchment UI, nítorí náà ilẹ̀kùn méjì ló ní. Bí ti àkọ́kọ́ bá tì, ó lè kan ìkejì.

Mo ní ọmọkùnrin kan lọ́dọ̀ mi tí kò ní ju ẹyọ kan lọ. Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá Ìbàdàn ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ, ó tiẹ̀ máa ń fi bú mi pé ará oko ni mí. Àmọ́ Ímò ni baba rẹ̀ ti wá, Ímò náà ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mi ò bá ètò náà jà, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ó kàn ń dùn mí ni, nígbàkigbà tí mo bá ń ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ìyá náà wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ta la lè rí?"

Mo mọ̀ pé yóò débẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé láti 2017 ni JAMB ti gbé ìgbaniwọlé bọ́ sórí CAPS, ètò wọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa fún ọmọ láyè, orí rẹ̀ náà lọmọ ti máa tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Mi ò ní kò sẹ́ni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ohun tí mo sọ ni pé èmi ò mọ ọ̀nà náà, àti pé àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórí ẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Owó yẹn, ẹ fi ra ìbéèrè àtijọ́, ẹ fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

"Ó dáa," ló wí, "ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ ká wo àáké náà díẹ̀ ṣáá."

Ni mo bá mú ìwé ìdánwò tó ṣe lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá jáde. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì 25. Biology 22, Chemistry 18, Gẹ̀ẹ́sì 17, Physics 8. Àpapọ̀ 65. Bó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ ló mú wálé lọ́jọ́ Post-UTME, 33.5 àti 32.5, ó di 66. Mo sọ ọ́ síta níwájú àwọn méjèèjì: 66 ò jọ ohun tó lè gbé èèyàn dé Mẹ́dísìn UI. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ọmọ náà kò wo ojú mi, Physics ló ń wò.

A ṣí i papọ̀. Wọ́n ju òkúta sókè tààrà ní 20 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, báwo ló ṣe máa ga tó? Ó mọ ìlànà rẹ̀, ó kọ ọ́ pé perepere. Ó kàn gbàgbé pé òkúta tó ń lọ sókè, ilẹ̀ ń fà á padà, kò sì fi àmì ìyọkúrò sí i. Ìdáhùn tó rí di òdì 20, kò sì sí òdì nínú A dé D, ló bá tún un ṣe, ó tún un ṣe, kó tó wá fojú mú ọ̀kan. 20 mítà gan-an sì ni ìdáhùn. Aago tó jẹ níbẹ̀ burú ju máàkì tó pàdánù lọ, nítorí ìbéèrè márùn-ún tó gbẹ̀yìn, kò kàn án rárá. Kì í ṣe olódo nìyẹn. Bí 8 yẹn bá di 16, aggregate fi 4 gòkè, ìyẹn tó máàkì 32 nínú JAMB.

"Sà, tí mo bá gba 80 ńkọ́?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ 73.5, ó fi bírò yí i po. Mo sọ fún un pé ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ dábàá Nọ́ọ̀sì. Mo ní Nọ́ọ̀sì UI náà ní èrò tirẹ̀, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sá lọ. Ọmọ náà sì ní, "Mi ò fẹ́ Nọ́ọ̀sì, mà," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ kò mì.

Nírọ̀lẹ́ yìí ni baba rẹ̀ pè mí. Ṣé kí àwọn tètè yí i sí LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó má baà jẹ́ pé ọdún máa lọ lásán? Mo ní tí wọ́n bá yí i, UI ti tì nìyẹn fún ọdún yìí, nítorí UI kì í gba ẹni tí kò fi àwọn ṣe àkọ́kọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ náà kì í sì í ṣe ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ò ní yí i lónìí, tó bá jẹ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ọmọ náà.

"Ọmọ tí mò ń sanwó fún, kí n máa bi í?"

"Ẹ bi í, sà. Òun ló máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Mo ti kọ orúkọ ọmọ náà sí aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Physics nìkan, kí àwọn yòókù tó dé.